Obìnrin Éjíbítì, Obìnrin Áténì, àti Ìyàwó Ọmọ Mi

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kejì, 1997

Waheed, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bí mo bá ní ọ̀bọ, má kọ ẹranko.

Èmi Ògúnjọbí ni, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀, láti abà tó wà lẹ́yìn Ìkirè. N kò mọ̀wé. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti dé, mo sì ti rí ohun tó pọ̀ débi pé bí n kò bá jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, yóò ti jò tán kí n tó délé. Àwọn ará ilé wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn ní ìbéèrè.

Ní pápákọ̀ òfurufú Dubai, aṣọ́bodè kan tú àpò mi. Ó bá orín àtá mẹ́ta tí mo fi aṣọ funfun wé. Òwú pupa wà lára ọ̀kan, òwú dúdú lára èkejì, òwú funfun lára ẹ̀kẹta. Ó gbóòórùn wọn, ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò gbọ́. Mo fi ìka ra eyín mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa tirẹ̀ yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, orín lòun náà ń jẹ! Ó ní kí n máa lọ. Kò mọ̀ pé kì í ṣe eyín ni mo fẹ́ fi tèmi fọ̀.

Ohun tí mo bá wá nìyí. Olúṣẹ̀san, àkọ́bí mi, kú ní ọdún tó kọjá nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Wùmí ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ̀fọ̀ tán, ó ti bọ́ aṣọ dúdú. Dípò kó jókòó kí ẹbí ṣú u lópó, ó padà síbí, ó ń ra ọjà ránṣẹ́ sí Èkó bí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Ọkùnrin mẹ́ta nínú ẹbí ló gbé orín kalẹ̀. Èyí tó bá mú, ẹni tó ni ín ni ọkọ rẹ̀. Olówùú pupa ni ti Mùsílíù, àbúrò Olúṣẹ̀san, ọmọ tí Asiat ìyàwó mi bí fún mi. Òun ni mo fẹ́ kó mú. Bí kò bá mú ìkankan, ilé tó wà ní Ìkirè àti ṣọ́ọ̀bù Ìdúmọ̀tà ti di ti ẹbí, àwọn ìbejì tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ yóò sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà. Mo ní rárá, ẹsẹ̀ mi ni yóò gbé ọ̀rọ̀ mi dé ibẹ̀. Fíísà oṣù méjì ni wọ́n fún mi.

Waheed tó ń kọ èyí, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Ó ka ìtàn ayé àtijọ́ jáde ní yunifásítì, ó wá ń di páálí fún àwọn oníṣòwò wa ní Al Ras, ọjà ńlá kan ní Dubai. Muhaisnah ló ń sùn, nínú bedspace, àwọn mẹ́jọ nínú yàrá kan. Ó ní kí n yọ ìyẹn kúrò. N kò yọ ọ́.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kejì

Yàrá méjì àti pálọ̀ ni Wùmí àti Alhaja Raliat jọ háyà ní Sharjah, ìlú tó fara kan Dubai. Alhaja, ará Òṣogbo, oníṣòwò aṣọ ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sí. Wùmí kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, n kò lè parọ́ mọ́ ọn.

Ó mú mi lọ sí Al Ras lónìí. A gba orí omi kọjá nínú ọkọ̀ onígi, àádọ́ta fílísì, owó wẹ́wẹ́ ibí, ni a san. Afẹ́fẹ́ tútù, òórùn ata àti èèpo igi olóòórùn dídùn gba gbogbo òpópónà. Ó gbé mi jókòó sórí àpò kan, ó kọjú sí ará Íńdíà tó ń ta bàtà ọmọdé.

"Habibi, ọ̀rẹ́ mi, iye tí o dá yẹn, ṣé èmi ni mò ń bọ́ ilé rẹ ni?"

Ará Íńdíà ní, "Madam Wumi, last price."

"Khalas, ó parí. Baba, ẹ dìde, ká máa lọ."

Mo dìde. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọkùnrin náà fi sáré tẹ̀lé wa. Ó gbà. Ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní "Papa Madam." Èmi tí mo bí ọkọ rẹ̀! N kò fẹ́ràn orúkọ yẹn.

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kejì

Waheed ní ìwé kan tó rà lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Sharjah, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Nípa obìnrin ayé àtijọ́ ni, ti ilẹ̀ Gíríìkì àti ti ilẹ̀ Éjíbítì. Mo ní kó kà á fún mi, kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Éjíbítì tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti Fáráò àti ẹrú.

Ó ní Gíríìkì kan rìnrìn àjò dé Éjíbítì láyé ọjọ́un, ẹnu yà á, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ilẹ̀ yẹn, obìnrin ló ń lọ sọ́jà tó ń ṣòwò, ọkùnrin ló ń jókòó sílé hunṣọ.

Mo dúró kó parí rẹ̀. Ó ní ó ti parí.

Mo ní, "Kí ló wá yà á lẹ́nu?"

"Èyí tí mo sọ yẹn náà ni, Baba. Pé obìnrin ń lọ sọ́jà."

"Ta ló yẹ kó lọ? Bàbá mi kò mọ iye tí àkàṣù kan jẹ́ títí ó fi kú. Ìyá mi ló mọ̀. Àti pé ní Ìṣẹ́yìn yín, ta ló ń hun òfì?"

Waheed rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin ni o."

"Gíríìkì yẹn kò tíì rìnrìn àjò tó."

Ṣùgbọ́n ó wù mí láti mọ irú ilé tí ọkùnrin náà ti jáde tí èyí fi yà á lẹ́nu. Mo ní kí Waheed wá a fún mi.

Ẹtì, 28 Oṣù Kejì

Kò síṣẹ́ lónìí. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo pe Wùmí, mo tú aṣọ funfun náà, mo to orín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Mo sọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó sùn lé e, kó mú ọ̀kan.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, Baba," ó kó àwo lọ.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Ẹ gbà mí.

Alhaja Raliat kò sí nílé lánàá. Ó wọlé láàárọ̀ yìí nígbà tí mo wà nínú balùwẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń rún orín lẹ́nu, gbẹ́kẹ́gbẹ́kẹ́, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ ṣeun o! Orín àtá! Oṣù mẹ́rin tí mo ti ń jẹ ti àwọn Lárúbáwá bíi pé mo ń jẹ okùn!"

Òwú pupa wà lórí itan rẹ̀.

Mo kígbe. Wùmí sáré jáde, ó wo tábìlì, ó wo ẹnu Alhaja, ó sì fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire. Ẹ ti lọ́kọ. Mùsílíù ni."

"Mùsílíù wo?"

"Ọmọ Baba. Ọmọ ọdún márùndínlógójì."

Alhaja yọ orín lẹ́nu, ó wò ó dáadáa. "Ọmọ ọdún márùndínlógójì? Baba, ṣé kò ní ìjàngbọ̀n? Ṣé ó ń gbọ́ràn? Alhaji mi ní Òṣogbo á ní láti gbọ́ pé òun ti ní orogún ọkùnrin!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ní ilé wa, orín tó bá ti wọ ẹnu obìnrin ti di tirẹ̀. A kì í gé ibi tó jẹ ká tún gbé ìyókù fún ẹlòmíràn. Mùsílíù ti jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn méjì tó kù, ọ̀kan ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ní ìyàwó mẹ́ta. Ọ̀kan kò sanwó ilé rí.

Waheed dé. Ó ní kí a ra orín ibí, kí a so òwú pupa mọ́ ọn. Mo ní, "Orín Lárúbáwá? Ṣé Lárúbáwá ló fẹ́ ṣú u ni?"

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Wùmí wá jókòó nítòsí mi. Ó ní, "Baba, ẹ má bínú. Ẹ fi ẹnu bi mí."

"Kí ni orín ń ṣe bí kò bá béèrè?"

"Orín ń bi mí pé èwo. Kò bi mí pé ṣé mo fẹ́."

Mo ní kó lọ gbé tíì wá.

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Waheed ti rí ilé ọkùnrin tí ẹnu yà yẹn. Áténì ni wọ́n ń pe ìlú náà. Níbẹ̀, obìnrin ní olùtọ́jú láti ìgbà tí wọ́n bí i títí tó fi kú: bàbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ọkọ rẹ̀, bí ọkọ bá kú, ọmọkùnrin rẹ̀. Òfin kò jẹ́ kó dá ta ohun tó ju òṣùwọ̀n ọkà kan lọ. Obìnrin ilé olówó kì í sábà jáde. Inú ilé lápá ẹ̀yìn ló ń wà. Tálákà nìkan ló ń jáde lọ tajà, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n máa rán.

Bí bàbá kan bá sì kú, tí kò bí ọmọkùnrin, ọmọbìnrin rẹ̀ á tẹ̀lé ogún náà bí okùn ṣe ń tẹ̀lé ewúrẹ́. Ìbátan ọkùnrin tó súnmọ́ bàbá jù lọ ni yóò fẹ́ ẹ, kí ilẹ̀ má baà jáde.

Mo fọwọ́ lu itan. "Ẹ wá wo ọlọ́gbọ́n! Wọ́n tọ́jú ilẹ̀ wọn."

Wùmí ń ka bàtà sínú páálí. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Waheed, ṣé àwọn yẹn ń gbé orín síwájú rẹ̀?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó ń bi í."

Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Tiwa dára jù."

Wùmí ní, "Ó dára jù, Baba. Ó fi orín mẹ́ta dára jù."

Waheed tún ka èyí tí mo ní kó kà lẹ́ẹ̀mejì: pé ọkùnrin Áténì tó ń kú lọ lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó fi ìyàwó rẹ̀ fún un, kó fi owó lé e, bí ẹni ń fúnni ní ẹran ọ̀sìn kó tó kó kúrò nílùú. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi. Mo bi í ohun tí obìnrin náà sọ.

Ó ní ìwé kò sọ ọ́.

"Kò sọ ọ́, àbí kò sí ẹni tó kọ ọ́?"

"Ọkùnrin ló kọ gbogbo rẹ̀, Baba."

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Òjò! Mo rò pé kì í rọ̀ níbí. Omi dúró lójú títì dé orúnkún, kò mọ ibi tí yóò wọlẹ̀ sí. Ilẹ̀ yìí kò mọ òjò í gbà.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Alhaja Raliat ń lọ sí Èkó lálẹ́ yìí pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, yóò sì gba Ìkirè kọjá lọ sí Òṣogbo. Mo ní kí Wùmí yá mi ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan. Báyìí làwa tí kò mọ̀wé ṣe ń kọ lẹ́tà. Mo ní kí gbogbo wọn jáde, títí kan Waheed.

Asiat ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kú ní 1958, Asiat mú orín mi. Ìyá Olúṣẹ̀san wà láyé nígbà náà, àwọn méjèèjì bára wọn gbé láìjà. Ìyá Olúṣẹ̀san ti lọ. Asiat ló kù tó ń gbọ́njẹ fún mi. Láti ọjọ́ tí Wùmí ti sọ̀rọ̀ orín yẹn, nǹkan kan ń rìn lára mi bí ìjàlọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dá ẹ̀rọ náà dúró. Mo sọ fún un pé ara mi le, pé ikọ́ tó ń ṣe mí láti ilé ti ń lọ, pé ẹran àgùntàn pọ̀ níbí ju ẹ̀fọ́ lọ. Mo wá sọ pé: "Asiat, nígbà tí wọ́n fi ọ́ fún mi, ṣé o fẹ́ ẹ? Má fi ohun tí yóò dùn mọ́ mi dá mi lóhùn."

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì lé Alhaja lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé sí ìyá ọkọ mi ni?" Mo ní kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Waheed mú mi lọ sí oko dábínù kan lẹ́yìn Sharjah. Ó ti pẹ́ tí inú mi dùn báyìí. Igi náà jọ ọ̀pẹ wa bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n akọ wà nínú rẹ̀, abo sì wà. Ọkùnrin kan, tí wọ́n ń pe ìran rẹ̀ ní Balúṣì, ń gun abo, ó fi okùn gbá ìdí mú bí adẹ́mu wa gan-an. Ó gé òdòdó akọ, ó fi bọ àárín òdòdó abo, ó dì í. Afẹ́fẹ́ nìkan kò tó, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é.

Mo bi í, Waheed ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, iye akọ tó wà lóko náà. Méjì. Abo ńkọ́? Ó lé ní ọgọ́rin. Bí akọ bá hù púpọ̀ ńkọ́? Ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń gé e lulẹ̀. Kì í so, omi lásán ló ń mu.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Mo mú ìyẹ̀fun òdòdó akọ náà díẹ̀ sínú bébà. N kò mọ ohun tí màá fi ṣe.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Oòrùn ti ń mú. Tòmátì ti wọ́n díẹ̀.

A padà sí Éjíbítì. Obìnrin ibẹ̀ lè ra ilẹ̀, ó lè tà á, ó lè pe ọkùnrin lẹ́jọ́, ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó lè kọ ọkọ sílẹ̀ kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Mo bi Waheed ṣé obìnrin ló wá ń ṣolórí níbẹ̀ ni. Ó ní rárá, ọkùnrin náà ló ń jẹ oyè, ọkùnrin ló ń jẹ́ akọ̀wé, àwọn obìnrin tó jẹ Fáráò kò pọ̀. Ṣùgbọ́n níwájú òfin, ohun obìnrin, ti obìnrin ni.

Ó wá ka ti ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Naunakhte. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ. Ọmọ mẹ́jọ ló bí. Nígbà tó darúgbó, àwọn kan nínú wọn kò tọ́jú rẹ̀. Ó lọ síwájú àwọn onídàájọ́ ìlú, ó ní òun tọ́ wọn, òun fún wọn ní ohun èlò ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi nǹkan sí òun lọ́wọ́ nìkan ni òun yóò fún ní ohun òun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ohun tó wá láti ọwọ́ bàbá wọn, wọ́n á pín níbẹ̀, tòun, rárá.

"Wọ́n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Òun kò mọ̀wé bóyá. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́."

Inú mi dùn sí ìyá yìí. Alágídí ni.

Waheed ní ohun tí tọkọtaya bá jọ kó jọ níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ti obìnrin. Mo pe Wùmí, mo bi í nípa ilé Ìkirè. Ó wò mí tìfura-tìfura.

"Baba, ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́ o. Èmi ni mo gbé e láti ìpìlẹ̀ dé ojú fèrèsé. Olúṣẹ̀san gbé e láti ojú fèrèsé dé òrùlé. Ẹ bi bíríkìlà."

Ogun ọdún ni mo ti ń pe ilé yẹn ní ilé ọmọ mi. Èmi ni mo bu ọtí sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. N kò béèrè rí ta ló ra bíríkì.

Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Iṣu kan, dírámù méjìlá owó ibí, ó sì ti rà nínú. Mo jẹ ẹ́ náà.

Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Alhaja Raliat dé. Kò ṣàwàdà. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Baba, ìyá kí yín," ó wọ yàrá.

Mo ní kí Waheed jókòó lọ́tẹ̀ yìí, kó gbọ́, kó sì kọ ọ́ bí Asiat ṣe sọ ọ́. Èyí lohun tó sọ:

"Bàbá Mùsílíù, mo gbọ́ ohùn yín. Ikọ́ yẹn kò tíì lọ, ẹ má parọ́. Ìbéèrè ọdún mọ́kàndínlógójì lẹ bi mí. Orín mẹ́rin ni wọ́n gbé síwájú mi. Tiyín ni mo mú nítorí pé oko lẹ máa ń sùn. Mo ní, ó kéré tán, màá máa rí ilé dá gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. N kò fẹ́ ẹnì kankan nínú yín. Ilé bàbá mi ní Ẹdẹ ni mo fẹ́ padà sí, kí n máa rẹ aró pẹ̀lú ìyá mi. Ìyá yín wá bá mi lóru, wọ́n ní opó tí kò bá mú orín, àwọn ènìyàn á ní òun ló pa ọkọ rẹ̀. Mo bá mú un. Ẹ ò fìyà jẹ mí. Ẹ ò nà mí rí. Mo sọ ìyẹn níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bóyá mo fẹ́ ẹ lẹ bi mí. N kò fẹ́ ẹ. Ó tì mí lójú láti sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ kú ìrìn."

Lẹ́yìn rẹ̀, adìẹ kan ń ké, ó sì tán.

Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ ní pálọ̀, mo kọjú sí ògiri. Waheed rò pé ara mi kò yá, ó wá kàwé fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní nígbà tó yá, àwọn Gíríìkì ṣẹ́gun Éjíbítì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ibẹ̀ tọkọtaya. Òfin méjì wà nílùú kan. Bí obìnrin Gíríìkì bá lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé Gíríìkì láti ta ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mú ọkùnrin kan dání tí yóò dúró fún un. Bí obìnrin kan náà bá sọdá lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé Éjíbítì, òun nìkan tó.

Mo ní, "Nínú ìlú kan?"

"Nínú ìlú kan, Baba. Nígbà mìíràn, lójú pópó kan."

"Kí ló yí padà lára obìnrin náà láàárín ilé àkọ́kọ́ àti ilé kejì?"

"Kò sí nǹkan kan, Baba. Bébà ló yí padà."

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹrin

Mo pe Wùmí láàárọ̀, kó tó lọ sọ́jà. Mo ní, "Mo fi ẹnu bi ọ́. Ṣé o fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ṣú ọ?"

Ó ní, "Rárá, Baba."

"Ó dáa. Kò sí ẹni tí yóò ṣú ọ. Àwọn ìbejì ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá rẹ títí o ó fi fẹ́ gbé wọn. Ilé Ìkirè, ìwọ àti àwọn lẹ ni ín. Ṣọ́ọ̀bù, tìrẹ. Waheed yóò kọ ọ́, màá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé yóò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Baba, bí mo bá rí ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn ọ̀la ńkọ́?"

Orí mi gbóná. Ọmọ mi kò tíì pé ọdún méjì nínú ilẹ̀. "Ìyàwó, ọ̀kan ni mo lè gbé mì lóòjọ́. Bi mí léyìí nígbà mìíràn."

Ó ní, "Mo máa bi yín o." Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin, ẹ̀rín àti ẹkún jọ wà lójú rẹ̀. Mo ní ta ló kọ́ ọ nírú èyí. Alhaja ń hó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Waheed kọ bébà náà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́. Alhaja Raliat ṣe ẹlẹ́rìí. Mo rántí béèrè lọ́wọ́ Waheed bóyá obìnrin lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó ní ní Éjíbítì, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó tó.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Mo fi tẹlifóònù pe Mùsílíù ní ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà kí káàdì má baà tán.

Ó ní, "Bàbá, kí ni wọ́n fún yín jẹ ní Dubai?"

"Ẹran àgùntàn."

"Ẹbí á ní obìnrin ló ti yí yín lórí."

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú mi. Èmi ni mo gbé orín kalẹ̀, èmi ni mo kó o. Ṣé o fẹ́ràn Wùmí ni?"

Ó ní, "Bàbá, n kò fẹ́ ẹ. Ìyàwó mi ti ń sunkún láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé orín kalẹ̀."

N kò bi òun náà.

Mo ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ní, "Bàbá, Màámi kò sí ní Ìkirè mọ́. Ọjọ́ kẹta tí Alhaja gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbálẹ̀ ilé yín, wọ́n kó aṣọ wọn sínú àpótí, wọ́n lọ sí Ẹdẹ. Wọ́n ní kì í ṣe ìjà. Wọ́n ní ẹ bi àwọn ní nǹkan, nígbà tí àwọn gbọ́ ohun tí ẹnu àwọn sọ, àwọn kò lè jókòó mọ́."

Káàdì tán.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹrin

Mo ti bínú tán. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Wùmí gbé oúnjẹ fún mi, kò bi mí ní nǹkan kan, Ọlọ́run bù kún un.

Alhaja ní kí n lọ mú un padà bí mo bá délé. Ó ní ẹkùn ni ọkùnrin, agídí ni ti àwa obìnrin. Mo ní, "Alhaja, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fẹ́ kí ẹ wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá mú mi."

Àìkú, 13 Oṣù Kẹrin

Mo ń lọ lọ́tùn-únla. Àpò mi ti wúwo, Wùmí ti kó bàtà àwọn ìbejì kún un. Mo ní kí Waheed bá mi lọ sí Al Ras fún ìgbà ìkẹyìn, mo fẹ́ ra nǹkan fún Asiat. Mo rìn títí. Góòlù wà, lọ́fínńdà wà, aṣọ wà. N kò mọ ohun tó fẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógójì tó ń gbọ́njẹ fún mi, mo mọ bó ṣe ń húkọ́, mo mọ bó ṣe ń rìn nínú òkùnkùn, n kò mọ àwọ̀ tó wù ú. N kò ra nǹkan kan. Màá bi í.

Waheed bi mí ohun tí màá ṣe bí kò bá padà. Mo ní ibẹ̀ ni agídí mi parí sí, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí màá ṣe lọ. Láti Èkó, n kò ní yà ní Ìkirè. Ẹdẹ ni mo ń lọ tààrà. N kò ní mú ará ilé kankan dání, n kò ní rán ẹnikẹ́ni ṣáájú. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, màá kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ni, màá ní àlejò ni. Bó bá ní kí n wọlé, màá wọlé. Bó bá ní kí n máa lọ, màá béèrè ọjọ́ tí mo lè tún wá.